Pínpín lokéṣọ̀n lórí fóònù: ta ló yẹ kó rí i, fún ìgbà wo, kí ni ká sì ṣe bí àmì bá dúró sójú kan?

Alárìnká

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò lóru, ọmọ tó ń ti ẹ̀kọ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, òbí àgbà tó ń dá gbé: ọkàn àwọn tó fẹ́ràn wọn kì í balẹ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ pé wọ́n ti dé. Pínpín lokéṣọ̀n, ìyẹn fífi ibi téèyàn wà han ẹlòmíì lórí fóònù, lè gba èèyàn lọ́wọ́ "o ti dé ibo báyìí?" tí wọ́n ń bi í ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní ìṣọ́ni ni, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Àwọn kan gbà, àmọ́ tí àmì orí máàpù bá ti dúró sójú kan fún wákàtí méjì, gbogbo ilé á dàrú. Àwọn kan sì ti tàn án láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti gbàgbé. Ẹni tó ń wò wọ́n ò gbàgbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dójú àmì, ẹ bá wa là á: áàpù wo ló wà fún iṣẹ́ wo, kí ló ń mú àmì dúró, báwo lèèyàn ṣe ń mọ gbogbo ẹni tó ń rí òun? Ẹ dákun, ìgbésẹ̀ là ń fẹ́, kì í ṣe ìtàn.

Alátùnṣe

Ẹ ṣeun, Alárìnká. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí WhatsApp, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn jọra. "Send your current location" dà bíi fọ́tò: ibi tẹ́ ẹ wà ní ìṣẹ́jú yẹn ló fi ránṣẹ́, bẹ́ ẹ tiẹ̀ rìn dé òpin ayé lẹ́yìn rẹ̀, kò ní yí padà. "Share live location" ló ń bá yín rìn. Ẹni tó ní òun ti fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́, tó jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ yẹn ló tẹ̀, á fi ẹni tó ń retí rẹ̀ sílẹ̀ síwájú àmì tí kò ní kúrò níbi tí ọkọ̀ ti gbéra títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bó ṣe lọ rèé: ẹ ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹni náà, ẹ tẹ àmì ìkọ́ tó wà níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé. Lórí iPhone, àmì + ni. Ẹ tẹ Location, ẹ tẹ Share live location, ẹ yan ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Kò sí ju wákàtí 8 lọ, lójú tèmi ohun tó dáa jù nínú rẹ̀ nìyẹn: ó ń kú fúnra rẹ̀. Láti 2017 tí wọ́n ti gbé e jáde ni wọ́n ti ń dì í pa láti fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ dé fóònù ẹni tó gbà á, ẹnikẹ́ni ò lè kà á láàárín ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń pín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ wọ Settings, Privacy, Live location. Ibẹ̀ náà lẹ ti lè pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé tó bá jẹ́ inú gúrúùpù lẹ fi í sí, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí yín, títí kan nọ́ńbà tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín.

Google Maps: ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, Location sharing, New share. Wákàtí 1 ló máa gbé síwájú yín, ẹ lè fi + tàbí − yí i, tàbí kẹ́ ẹ yan "Until you turn this off". Ìgbàgbé tí Alárìnká ń sọ, inú èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Google Maps tún ń fi iye bátìrì tó kù hàn fún ẹni tó ń wò yín, àti bóyá fóònù wà lórí ṣáàjì. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ nísàlẹ̀.

Telegram ní ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1, wákàtí 8, ó sì ní èyí tí ò ní òpin. Find My ti Apple ní wákàtí kan, títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn á fi ṣú, tàbí láéláé. Àmọ́ àárín àwọn tó ń lo ohun èlò Apple nìkan ló wà fún.

Olójú-Inú

Ẹ jẹ́ n mú ti àmì tó dúró sójú kan, torí ìpayà tó ń dá sílẹ̀ pọ̀ ju ewu tó wà nídìí rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ méjì ni fóònù ń ṣe. Ìkíní, á mọ ibi tóun wà. Ìkejì, á fi ohun tó mọ̀ ránṣẹ́. GPS kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè, aago wọn ni wọ́n ń kéde ṣáá. Fóònù yín ló ń tẹ́tí: ó ń fi àkókò tí ìkéde mẹ́rin, ó kéré tán, gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣírò ibi tó wà. Sátẹ́láìtì ò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Ìdí nìyẹn tí àmì búlúù fi ń rìn lórí máàpù tiyín nígbà tí dátà ti tán, tí ẹni tó ń wò yín sì ń rí yín lójú kan. Iṣẹ́ kìíní ń lọ, ìkejì ti dúró.

Ohun márùn-ún ló sábà máa ń dá ìkejì dúró: dátà tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ibẹ̀, bátìrì kú, fóònù wọ Battery Saver, tàbí kó jẹ́ pé fóònù fúnra rẹ̀ ló pa áàpù náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn kì í fura sí. Fóònù Android púpọ̀, kí bátìrì wọn lè pẹ́, máa ń pa áàpù tí ẹnikẹ́ni ò wò lójú. Ẹni náà á ti fóònù bọ àpò, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmì á dúró. Tó bá tún yọ fóònù jáde láti wo aago, àmì á fò lẹ́ẹ̀kan náà dé ibi tó wà gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí àmì tó ń dúró tó sì ń fò báyìí, ẹ má tètè di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn ló sábà máa ń fà á.

Àtúnṣe rẹ̀: Settings, Apps, ẹ yan áàpù náà, ẹ tẹ Battery, ẹ yan Unrestricted. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tẹ Permissions, Location, ẹ yan "Allow all the time", kẹ́ ẹ rí i pé "Use precise location" wà ní títàn. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù sí fóònù, àmọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan tó fi ìkejì sílẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ó ku ti iṣẹ́ kìíní. Ní gbangba tí ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, fóònù lè mọ ibi tó wà dé ìwọ̀n nǹkan bíi mítà 5. Láàárín ilé gíga gíga, ìkéde sátẹ́láìtì á gbá ògiri kó tó délẹ̀, ìṣirò á sì yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ fi ń sáré kọjá títì lọ sí òdì kejì. Nínú ilé, Wi-Fi tó wà nítòsí ni fóònù ń fi gbé e, àṣìṣe rẹ̀ lè tó ogún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá sí Wi-Fi, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kù, ìyẹn sì lè fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ṣì í, tàbí kìlómítà mélòó kan níbi tí òpó ti jìnnà síra.

Ẹ wo òbìrìkítí búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí àmì yín ká lórí Google Maps. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n fi ṣe. Ohun tó ń wí ni pé "mo wà níbì kan nínú àyíká yìí, ibi tó jẹ́ gan-an ò dá mi lójú". Tó bá kéré débi pé kò yọ lẹ́yìn àmì, ẹ lè gbà á gbọ́. Tó bá bo àdúgbò mẹ́ta, ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ sí ilé tí àmì náà bà lé.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Báwo wá ni ẹni tó ń wò ó ṣe máa mọ̀ pé àmì náà ti gbó?

Olójú-Inú

Ìbéèrè tó dáa, mà. Lábẹ́ orúkọ ẹni náà, wọ́n máa ń kọ ìgbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn: ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ìṣẹ́jú 40 sẹ́yìn. Aago yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó wo ibi tí àmì wà. Àmì tí wọ́n gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn tí kò sì kúrò lójú kan, ẹni náà tàbí fóònù rẹ̀ dúró ni. Àmì tí ìròyìn rẹ̀ ti tó wákàtí méjì, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju ibi tó wà ní wákàtí méjì sẹ́yìn lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Lẹ́yìn aago, ẹ wo bátìrì. Tó bá jẹ́ 4% ló wà nígbà tí ìròyìn dúró, ẹ ti mọ ìdáhùn. Tó bá jẹ́ 80%, tó sì jẹ́ àárín ìlú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ló ti dúró, ẹ pe ẹni náà.

Ayékòótọ́

Gbogbo wákàtí kan, wákàtí mẹ́jọ yìí ń fa wàhálà lásán ni. Ẹbí la jẹ́. Kí oníkálukú tàn án títí láé, ká máa wo ara wa. Ẹni tí kò ní nǹkan tó ń fi pamọ́, kí ló ń bẹ̀rù?

Kọ́kọ́rọ́

Ayékòótọ́, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí "títí láé" ń kó jọ. Ní 2013, àwọn olùwádìí gba àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn dé, tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀. Wọ́n rí i pé tí èèyàn bá ti mọ ibi mẹ́rin péré tí ẹnì kan wà àti wákàtí tó wà níbẹ̀, ó tó láti dá ẹni náà yàtọ̀ láàárín gbogbo wọn, nínú 95 lára ọgọ́rùn-ún. Ibi mẹ́rin! Ibi téèyàn ń sùn, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn tó lọ, ibi tó ń lọ gbàdúrà: ẹ ti mọ ayé rẹ̀ tán. Ní January 2018, máàpù tí Strava, áàpù tí wọ́n fi ń ka eré sísá, ṣe láti inú eré ìdárayá àwọn oníbàárà rẹ̀ tú àṣírí ibùdó ológun síta, torí àwọn sójà ń sáré yí ọgbà ká pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní nǹkan burúkú tó ń fi pamọ́.

Yàtọ̀ síyẹn, kì í ṣe ẹ̀yin ará ilé nìkan ló ń rí i. Ẹni tó bá mú fóònù àbúrò yín lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ń rí gbogbo ẹbí lórí máàpù. Ẹni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù ọ̀kan nínú yín ń rí gbogbo yín.

Ohun tí mo máa ń dá lábàá: fún ìrìn àjò, wákàtí tí ìrìn náà máa gbà, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lé e. Fún òbí àgbà tó ti ń ṣì ọ̀nà, títí láé lè tọ́, bó bá ti mọ̀ tó sì fọwọ́ sí i nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì jí pépé, kó sì jẹ́ ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló ń rí i, kì í ṣe gbogbo mọ̀lẹ́bí. Fún ọmọ kékeré, Family Link ti Google wà, áàpù tí òbí fi ń bójú tó fóònù ọmọ, ọmọ náà sì ń rí i lórí fóònù tirẹ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ẹ má fi pamọ́ fún ọmọ. Ọjọ́ tó bá rí i fúnra rẹ̀, á máa fi fóònù sílẹ̀ sílé ọ̀rẹ́ kó tó lọ síbi tó ń lọ, ẹ ó sì máa wo fóònù, ẹ ò ní máa wo ọmọ.

Ayékòótọ́

Ó yé mi. Ti òbí àgbà yẹn ni mo ń rò ní tèmi. Ṣé tí mo bá kàn pa Location lórí fóònù, kò sẹ́ni tó lè rí mi mọ́?

Kọ́kọ́rọ́

Rárá o. Áàpù ò ní rí ibi pàtó tẹ́ ẹ wà mọ́, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì mọ òpó tí fóònù yín so mọ́, torí láìsí ìyẹn, ìpè ò lè wọlé. Ẹni tẹ́ ẹ sì ti ń pín lokéṣọ̀n fún tẹ́lẹ̀ á rí i pé ìròyìn yín dúró.

Ẹ jẹ́ kí n to bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wò sílẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò ní kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Google Maps, Location sharing: ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà WhatsApp: Live location tí Alátùnṣe ti sọ, lẹ́yìn rẹ̀ Linked devices. WhatsApp kan lè so mọ́ ohun èlò mẹ́rin mìíràn. Tẹ́ ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tí ẹ ò mọ̀ níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń kà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ sì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, àkáǹtì Google: Security, Your devices. Èyí ni ihò tó tóbi jù, torí ẹni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù Google yín lè wọ ojú ìwé Find Hub, èyí tó ń jẹ́ Find My Device tẹ́lẹ̀, kó rí fóònù yín láìfi áàpù kankan sínú rẹ̀. Ẹ yọ ohun èlò tí kì í ṣe tiyín, ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ẹ tan 2-Step Verification, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkáǹtì Apple.

Ẹ wá wo àwọn áàpù fúnra wọn. Settings, Location, App location permissions. Áàpù tó ń sọ ojú ọjọ́, kí ló fẹ́ fi mítà 5 ṣe? Láti Android 12 ní 2021, ẹ lè pa "Use precise location" fún un, á sì máa rí yín láàárín àyè tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta níbùú-lóròó. iOS, ètò tó ń darí iPhone, ti ní irú rẹ̀ láti 2020, Precise Location ni wọ́n pè é. Géèmù àti tọ́ọ̀ṣì, "Don't allow" ni tiwọn. Android 12 náà ló mú Privacy dashboard wá, ó ń fi hàn yín áàpù tó béèrè ibi tẹ́ ẹ wà láàárín wákàtí 24 tó kọjá àti aago tó béèrè rẹ̀. Áàpù tó béèrè ní aago mẹ́ta òru nígbà tí fóònù wà lórí tábìlì, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Alátùnṣe

Kọ́kọ́rọ́ ti sọ̀rọ̀. Àtúnṣe kékeré kan, bọ̀ọ̀dá: "kìlómítà mẹ́ta níbùú-lóròó" yẹn, ìwọ̀n ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà méjì ó dín díẹ̀ ní ìbú, bákan náà ní òró.

Kọ́kọ́rọ́

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Mo kù gìrì kọ ọ́.

Alátùnṣe

Kò sí wàhálà. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un fún ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lójú ọ̀nà, tó sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí nǹkan bá ṣe òun. Ìyàtọ̀ wà láàárín "ẹ máa wò mí" àti "ẹ wò mí bí mi ò bá dé". Ìkejì yìí ló yẹ ká máa lò jù, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀.

Lórí iPhone tó ní iOS 17 sókè, ó wà nínú Messages, orúkọ rẹ̀ ni Check In. Ẹ ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ẹ tẹ +, ẹ wá Check In, ẹ yan ibi tẹ́ ẹ ń lọ tàbí iye ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá dé, ó ń parí fúnra rẹ̀, á sì sọ fún ẹni náà pé ẹ ti dé. Tí àkókò bá kọjá, á kọ́kọ́ bi yín bóyá kò sí nǹkan. Tẹ́ ẹ ò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 15, ìgbà yẹn ló máa tó ṣí lokéṣọ̀n yín, bátìrì àti bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó fún ẹni náà. Tẹ́ ẹ bá yan Full dípò Limited, á fi ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà kún un, àti ibi tẹ́ ẹ ti ṣí fóònù kẹ́yìn. Ohun tó ń bà á jẹ́: kó jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ò lo iPhone, tàbí iOS rẹ̀ ò tó 17.

Lórí àwọn Android kan, bíi Pixel, ẹ wá áàpù Personal Safety, ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀ ni Safety check. Bákan náà, ẹ wọ Settings, Safety & emergency, ẹ fi orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta sí Emergency contacts, kẹ́ ẹ tan Emergency SOS, tó ń wá ìrànlọ́wọ́ fún yín. Lórí ọ̀pọ̀ Android láti 12 sókè, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì títàn ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún kíákíá, ó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àpò tó há lè tẹ̀ ẹ́ fún yín, torí náà ẹ fi kíka ìṣẹ́jú àáyá tó ń ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má yọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló fi nǹkan sára èèyàn láìgba àṣẹ ńkọ́? Mo ń gbọ́ nípa bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n ń jù sínú báàgì.

Olójú-Inú

AirTag ti Apple lẹ ń sọ àti àwọn tó jọ ọ́, tí wọ́n ṣe láti fi wá ẹrù tó sọnù. Bátìrì CR2032 olójú-kọ́ìnì ló ń lò, ó lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Kò ní GPS nínú. iPhone àwọn tó ń kọjá ló ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń bá a fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Láti May 2024, Apple àti Google ti jọ fẹnu kò: iPhone tó ní iOS 17.5 àti Android láti 6.0 sókè ń kìlọ̀ fúnra wọn bí irú rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá a fúnra yín lórí Android: Settings, Safety & emergency, Unknown tracker alerts, Scan now. Bluetooth gbọ́dọ̀ wà ní títàn, Location náà. Ẹ kọ́kọ́ kúrò láàárín èrò, kẹ́ ẹ má bàa rí tàwọn ẹlòmíì.

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀yìn fóònù kan ojú rẹ̀ funfun: nọ́ńbà rẹ̀ á yọ, ìgbà míì á fi nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn fóònù ẹni tó ni ín hàn. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ bátìrì. Ẹ̀yìn rẹ̀ onírin lẹ ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ yí i sápá òsì.

Áàpù amí inú fóònù tún jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Kì í fi àwòrán rẹ̀ hàn láàárín àwọn yòókù. Nínú Settings, ibi tó máa ń fara sin sí ni Accessibility, Device admin apps, Notification access àti Install unknown apps. Orúkọ tí wọ́n sábà máa ń fún un á dà bí ohun tó bá fóònù wá, "System Service" tàbí "Wi-Fi" kan báyìí. Kẹ́ ẹ tún wo Play Protect inú Play Store, tó ń ṣọ́ áàpù burúkú: tó bá wà ní pípa, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa á, ẹ fura.

Kọ́kọ́rọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí kí n sọ nǹkan kan tó le. Tó bá jẹ́ ẹni tó lè ṣe èèyàn léṣe, tó ń gbé nínú ilé kan náà, ló ń ṣọ́ ọ, kó má ṣe yọ nǹkan kan lójijì. Lójú ẹsẹ̀ tí àmì bá ti pòórá, ẹni yẹn á mọ̀, á sì béèrè. WhatsApp á kọ ọ́ gbàǹgbà pé lokéṣọ̀n ti parí. Kó kọ́kọ́ lo fóònù ẹlòmíì tó fọkàn tán láti wá ìrànlọ́wọ́ àti ibi ààbò, kó má fi fóònù tirẹ̀ wá a rárá, kó sì ya àwòrán ohun tó rí pa mọ́ síbòmíì. iPhone ní Safety Check láti iOS 16, nínú Settings, Privacy & Security. Manage Sharing & Access ń jẹ́ kéèyàn yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Emergency Reset ń gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bọ́tìnì Quick Exit wà lókè rẹ̀ tó ń gbé èèyàn padà sójú fóònù kíákíá bí ẹnì kan bá yọjú.

Alárìnká

Àlàyé yìí kún. Ìbéèrè méjì ló kù lọ́wọ́ mi: kí lèèyàn máa ṣe níbi tí dátà ò sí, tó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló ń lọ? Ìkejì, kí làwọn tó wà nílé máa ṣe bí àmì bá dúró lóòótọ́?

Alátùnṣe

Ti àkọ́kọ́: ẹ ti gbọ́ pé GPS ò nílò dátà. Ẹ ṣí Google Maps kódà bí máàpù ò bá yọ, ẹ dúró ní gbangba títí àmì búlúù á fi fara hàn, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà méjì á yọ nínú àpótí ìwákiri lókè, àmì ìdánudúró á wà láàárín wọn. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Lórí iPhone, áàpù Compass ń fi í hàn nísàlẹ̀, ní dìgíríì, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó gbà á kàn máa tẹ nọ́ńbà náà sínú ìwákiri máàpù tirẹ̀ ni.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ mẹ́ta: àmì −. Nọ́ńbà kìíní ń sọ bóyá ẹ wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ìlà tó pín ayé sí méjì, ìkejì ń sọ ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé − kan, ẹ ti gbé ara yín lọ sí apá ibòmíì láyé. Ẹ má ṣe yí ìkíní sípò ìkejì náà. Àti iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn dọ́ọ̀tì: márùn-ún ń tọ́ka síbi tí kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, mẹ́rin mítà 11, méjì péré á fi kìlómítà kan ṣì yín. Kò sídìí láti kọ mẹ́jọ. Ẹ fi aago kún un, torí àtẹ̀jíṣẹ́ lè pẹ́ lọ́nà.

Olójú-Inú

Mo gba ìkejì. Ẹ jọ fẹnu kò kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí àyà ti ń já. Kí ẹni tó ń lọ sọ ìgbà tó máa dé àti ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń já lójú ọ̀nà, kó ṣáàjì fóònù kún, kó mú pawábáǹkì. Kẹ́ ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa wò ó. Tí ẹni mẹ́fà bá ń wò ó, ẹni mẹ́fà á máa pè é pọ̀, bátìrì tó kù á sì tán sórí ìpè.

Bí àmì bá dúró: ẹ wo aago ìròyìn, ẹ wo bátìrì, ẹ wo irú ibi tó dúró sí. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kì í ṣe WhatsApp, torí àtẹ̀jíṣẹ́ ò nílò dátà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan. Tí ìpè bá wọlé tí kò gbé e, ó ṣeé ṣe kó máa wakọ̀. Tí kò bá wọlé rárá, fóònù ti kú tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni kejì tí wọ́n jọ ń lọ tàbí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbi tó ń lọ. Tí àkókò tẹ́ ẹ jọ dá bá kọjá, tẹ́ ò sì gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tó wà. Ẹ ti kọ́kọ́ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè: ibi tí àmì ti dúró, aago ìròyìn tó kẹ́yìn, bátìrì tó kù, aṣọ tàbí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ ya àwòrán ojú máàpù náà lójú ẹsẹ̀, torí lokéṣọ̀n WhatsApp á parí bí wákàtí rẹ̀ bá pé, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀kan péré: fọ́tò tí èèyàn bá yà, ṣé òun náà ń sọ ibi téèyàn wà?

Kọ́kọ́rọ́

Bẹ́ẹ̀ ni, mà, tí kámẹ́rà bá ní àṣẹ Location. Ó máa ń kọ nọ́ńbà méjì yẹn sínú fọ́tò. WhatsApp ń yọ ọ́ kúrò bẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, àmọ́ bẹ́ ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi Document kó má bàa di bàìbàì, gbogbo rẹ̀ ń bá a lọ. Settings inú kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ ti pa Location tags. Tó jẹ́ iPhone, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín fọ́tò, ẹ tẹ Options lókè, kẹ́ ẹ pa Location.